Aró Inú Àpótí Jàmíù

Òórùn ni mo fi máa ń rántí ilé wa ní Ìlá, kì í sì í ṣe òórùn dídùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Aró tó bá ti bọ́ sípò máa ń rùn débi pé àlejò á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ bàtà ara rẹ̀ kó tó wọlé. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ò gbọ́ òórùn kankan mọ́ ní tiwa. Ilé ìyá bàbá mi ni. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, Yèyé Aláró ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ìbàdàn ni àwọn òbí mi ń gbé, wọ́n ti fi mí sọ́dọ̀ Yèyé láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ìrìn, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyá mi ń bọ̀ wá kí mi, mo máa ń bi onítọ̀hún pé ìyá wo. Agboolé náà kì í dákẹ́. Bí ládàánì bá ti pe ìrun àsùbáà tán, odó ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ewé ẹ̀lú ni Yèyé sì ń gún nínú rẹ̀, kì í ṣe iyán. Lẹ́yìn odó, ewúrẹ́. Lẹ́yìn ewúrẹ́, ohùn Yèyé tó ń pè mí, "Rìsí, ṣé etí rẹ ò sí níbẹ̀ ni?" Ní ẹ̀yìn ilé, ìkòkò kan tí wọ́n lu nídìí jókòó lé òmíràn lórí. Eérú èèpo kòkó ló kún inú ti òkè, omi tí a bá bù lé e á máa kán sínú ti ìsàlẹ̀, tó, tó, tó, látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mo ń bu omi sí eérú yẹn. Èmi náà ni mo ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ìṣù ẹ̀lú tí a bá sá sórí òkúta. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan nínú méjèèjì, Yèyé ò ní nà mí, á kàn wò mí títí màá fi rántí, mo sì fẹ́ràn ẹgba ju ìwò yẹn lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí gbogbo ọmọ ilé wa mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó kọ́ wa. A mọ̀ pé ìkòkò aró kì í gbẹ. Bí aró bá ń lọ sílẹ̀, Yèyé á ti da ẹ̀lú tuntun àti omi eérú sí i kó tó dé ìdí, torí ìdí ìkòkò ìyá rẹ̀ ló ti bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Aláró tó bá lo aró rẹ̀ tán, tó wá da ojú ìkòkò délẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún ní gbé aṣọ wá fún un. A sì mọ̀ pé aláró tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ po aró tuntun kì í rìnrìn àjò. Bí ó tiẹ̀ jẹ́ Ọ̀rà nìkan ni wọ́n ní kó lọ, tí kò jìnnà, kò ní lọ, torí òun nìkan ló mọ ìgbà tó yẹ kó ro aró náà àti ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ọmọ ò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́, ọkọ ò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò le lójú mi nígbà náà. Bí mo ṣe mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ní òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, Yèyé yọ̀ ṣubú nídìí aró. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fẹ́nu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀, á kọ́kọ́ kí ẹni náà, kí onítọ̀hún lè dáhùn. Ìròyìn ìṣubú yẹn dé etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà lókè òkun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Iléyá sì kù fẹ́ẹ́rẹ́, òun àti Jàmíù ọmọ rẹ̀ dé. Inú wa dùn. Yèyé fúnra rẹ̀ ló gún iyán, ó se ìsápá tó kún fún ẹ̀gúsí, Bàbá Lọ́ńdọ̀nù jẹun títí ó fi tú bẹ́líìtì. Ó wá fọ ọwọ́, ó rọra ní, "Yèyé, ẹ ẹ́ bá mi lọ lọ́tẹ̀ yìí."

"Lọ síbo?"

"Ilé mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ẹ ṣubú, mi ò lè jẹ, mi ò lè mu. Mò ń wo fóònù bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún. Ẹ jẹ́ kí n máa rí yín láràárọ̀. Rìsí á padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn."

Yèyé ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àwọn àgbà wa, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì lè jẹ́ pé kí ẹ jẹ́ kí òun gbádùn oúnjẹ òun. Èmi ò mọ èyí tó jẹ́. Ìbàdàn tí wọ́n ń sọ yẹn, mo ti dé ibẹ̀ rí, mo sì sunkún títí wọ́n fi dá mi padà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní: kí n mọ̀ bóyá Yèyé máa lọ. Mò ń wo ẹnu rẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń wo ìkòkò rẹ̀.

Jàmíù jù mí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan tí mo mọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ká má tíì sọ Ìgbómìnà wa, nítorí náà èmi tí mo ní òyìnbó ilé ìwé díẹ̀ lẹ́nu ni mo di ògbufọ̀ láàárín òun àti Yèyé. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, Yèyé já àkàrà sí méjì, ó na èyí tó tóbi sí i. Ọmọ náà wo ọwọ́ Yèyé tó dúdú tìrìn dé ìgunpá, kò gbà á. Ó bi mí lédè òyìnbó pé ṣé àìsàn ló ń ṣe ìyá àgbà ni. Mo ní kì í ṣe àìsàn, aró ni. Kò mọ aró. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣí ìkòkò, òórùn lù ú nímú, ó sá sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ewúrẹ́ pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki èkísà funfun kan bọ inú rẹ̀, tí mo yọ ọ́ tó rí bí ewé tútù, tó sì ń di aró lójú wa bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, ẹnu rẹ̀ là. Ó ní òun náà ní aró. Mo ní irọ́ ni. Ó fà mí wọ pálọ̀.

Ó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣí bí ìwé, a ò rí irú rẹ̀ rí ní àdúgbò wa, àpótí Jàmíù ni gbogbo wa sì ń pè é. Eré kan wà nínú rẹ̀. Abúlé kan ni, ilé pọ̀ níbẹ̀, igi pọ̀, obìnrin kékeré kan tó wé gèlè sì ń rìn kiri inú rẹ̀. Bí Jàmíù bá tẹ bọ́tìnì, obìnrin náà á wọ igbó lọ já ewé. Ewé kan wà fún aró, gbòǹgbò kan wà fún pupa bí osùn, òdòdó kan wà fún àwọ̀ òféèfèé. Á gún un, á dà á sínú ìkòkò, á ki aṣọ bọ̀ ọ́, á sá a, àwọn èèyàn kékeré á wá rà á. Jàmíù béèrè orúkọ wo ni kí òun sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó ní kó kọ Yèyé.

Orúkọ yẹn ló kó bá wa. Yèyé gbọ́ tí a ń pe orúkọ rẹ̀ nínú pálọ̀, ó wọlé, ó fa àga sún mọ́ àpótí náà, ó sì fi ojú rẹ̀ tó ń ṣú wò ó títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Yèyé."

"Èmi? Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ ń já ewé ẹ̀lú."

"Kò burú," ó ní. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohùn tó máa ń lò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kí obìnrin náà: "Àrẹ̀dú o." Ìyẹn ni wọ́n fi ń kí ẹni tó bá wà nídìí aró, kí aṣọ rẹ̀ lè dú dáadáa. Obìnrin inú àpótí kò dáhùn. Yèyé ní, "Aláìmọ̀wàáhù. Ó jọ mí lóòótọ́." Jàmíù tẹ bọ́tìnì, aṣọ funfun di aró láàárín ìṣẹ́jú akàn. Yèyé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò tọ́ ọ wò, kò rò ó, kò jẹ́ kó sinmi, àti pé aró wo ni kì í rùn. Lẹ́yìn náà ló rí ìlà aró kan ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tó ń lọ sílẹ̀ bí aṣọ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ó ní kí n béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́.

Mo béèrè, Jàmíù ṣàlàyé, mo sì tú u bó ṣe sọ ọ́: "Ó ní aró tó kù ni. Ó ní bó bá tán, ẹ ti ṣe tán níbí nìyẹn, wọ́n á gbé yín lọ sí ìlú ńlá."

Yèyé tún fi imú sún mọ́ ìlà náà, ó ní, "Sọ fún un pé kó má jẹ́ kó tán."

Bó ṣe di ìjà nìyẹn. Lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun ìṣáà, bí iná bá wà, Yèyé á wá jókòó, á béèrè pé báwo ni ìkòkò. Bí ìlà aró bá ti lọ sílẹ̀, á ní kí Jàmíù rán obìnrin náà padà sínú igbó. Jàmíù fẹ́ dé ìlú ńlá. Ó ní ohun tí eré náà wà fún ni pé kí èèyàn lo aró tán kó lè tẹ̀ síwájú, ẹni tó bá ń dà á sí i ṣáá á kàn wà lójú kan náà ni. Ó ní kí n sọ fún ìyá àgbà pé eré lásán ni. Mo sọ ọ́. Yèyé ní, "Mo mọ̀ pé eré ni. Sọ fún un kó da ẹ̀lú sí i." Bí mo ṣe jókòó sáàárín wọn, orí mi ń fò lọ. Bí ó bá mọ̀ pé eré ni, kí ló kàn án bóyá ó tán? Bí kò bá mọ̀, ṣé ó rò pé inú àpótí yẹn ni wọ́n máa gbà gbé òun lọ? Àwọn ìgbà kan wà tí èmi gan-an rò bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wo ìlà aró náà, mo máa ń gbàdúrà sí i, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù bá wa níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, Yèyé, wàhálà ti tán. Ẹ máa jókòó sórí àga tìmùtìmù nílé mi, ẹ máa ṣe aró yín lórí èyí. Kò sí eérú, kò sí èéfín, ẹsẹ̀ yín ò ní yọ̀." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kó tó di Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, òun ló ń lé ewúrẹ́ nídìí ìṣù ẹ̀lú, òun ló ń bu omi sí eérú, gbogbo òfin ìdí aró ló sì mọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Yèyé ní, "Láyípo, aṣọ tí mo bá rẹ níbẹ̀, ta ló máa wọ̀ ọ́?"

Láyípo ni orúkọ tó fi ń pè é láti kékeré, torí kì í jókòó sójú kan. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní òun ń lọ wo bóyá wọ́n ti fún àgbò lómi.

A ṣe Iléyá, a jẹ ẹran títí ẹran fi sú wa. Wọ́n ti mú Yèyé lọ ya fọ́tò, wọ́n ti bá a ṣe ìwé ìrìnnà, ó sì ń tẹ̀lé wọn láìjiyàn, èyí tó túbọ̀ ń dà mí lọ́kàn rú, torí Yèyé máa ń bá ẹni tó ń ta iyọ̀ pàápàá jiyàn. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ, ó wọ pálọ̀ ní ọ̀sán gangan, kò jókòó. Ó ní, "Jàmíù, jẹ́ kó tán." Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ, ó wá fi ìka rẹ̀ dúdú tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀, aṣọ tẹ̀lé aṣọ, títí ìlà aró fi dé ìdí. Orin dún, àwọn èèyàn kékeré ń fò sókè, ọkọ̀ kan wá gbé obìnrin onígèlè lọ. Jàmíù dì mọ́ Yèyé, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìkòkò òfìfo inú àpótí, ó wo ìyá rẹ̀, omi yí lójú rẹ̀. Ó ní, "Yèyé, ẹ ṣeun."

Ṣùgbọ́n Yèyé ò tíì ṣíjú kúrò nínú àpótí. Ìlú ńlá ti yọ, ilé rẹ̀ ga, ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀. Obìnrin onígèlè sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú ìkòkò tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀ báyìí?"

Mo bi Jàmíù. Mo ní, "Ó ní ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ máa lọ já ewé."

"Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé mi rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀," Yèyé ní, ó sì jáde.

Mo sáré tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn ilé. Ó ti ki aṣọ kíjìpá ńlá kan bọ inú ìkòkò tòótọ́, aró náà sì ti lọ sílẹ̀ ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Kò da nǹkan kan sí i láti bí ọjọ́ mélòó kan, èmi ni mi ò fura, torí àpótí Jàmíù ni mo gbájú mọ́. Ó rẹ aṣọ náà, ó sá a, ó tún rẹ ẹ́, ó tún sá a, títí ìkòkò fi ń dún gbọnrangbọnran nígbà tí igbá bá kàn án nídìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó da ojú ìkòkò délẹ̀. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n kí i kú àṣetán iṣẹ́. Mo ní, "Yèyé, ṣé ẹ ń lọ?" Ó ní, "Ṣé o ti bu omi sí eérú?" Eérú wo? Ta ló fẹ́ fi omi eérú ṣe kí ni, nígbà tí ojú ìkòkò ti délẹ̀? Mo bu omi sí i ṣáá, omijé ń bọ́ sí i pẹ̀lú, mi ò lóye nǹkan kan. Wọ́n ti di aṣọ mi sínú àpò fún Ìbàdàn.

Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti ń kọ́kọ́ kí ẹni tó ń bọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mi ò lè búra pé mo mọ ohun tí Yèyé ń rò láwọn ọjọ́ yẹn. Bóyá ó ti pinnu láti ìgbà oúnjẹ ìsápá yẹn. Bóyá ó fẹ́ lọ lóòótọ́, tó jẹ́ pé ìkòkò òfìfo tó rí ní ìlú ńlá yẹn ló yí i lọ́kàn padà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan nígbà tó darúgbó gan-an. Ó ní àpótí wo.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, odó ló jí mi. Mo rò pé àlá ni. Mọ́tò ti dé, dẹ́rẹ́bà ti ṣí bọ́ọ̀tù, Bàbá Lọ́ńdọ̀nù sì ń bọ̀ láti inú ilé nínú aṣọ ìrìnnà pẹ̀lú báàgì Yèyé lọ́wọ́. Odó dákẹ́. Yèyé yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù dé ìgunpá, aró ń kán sílẹ̀ láti orí ìka rẹ̀. Òórùn ẹ̀lú tútù gba ojúlé.

Ó ní, "Ìkòkò yẹn dọ̀tí, mo fọ̀ ọ́ ni. Mo ti po òmíràn."

Jàmíù ń bi bàbá rẹ̀ lédè òyìnbó pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé wọn ò lọ mọ́ ni. Bàbá rẹ̀ wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ títí, ó sì rọra gbé báàgì sílẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Yèyé nawọ́ sí okùn, ó ká aṣọ kíjìpá tó rẹ lánàá, ó gbé e fún un. Aṣọ náà dúdú débi pé ó ń kọ yànrànyànràn. Yèyé ní, "Gbogbo aró tó tán yẹn ló wà lára èyí. Máa fi bora, òtútù ibẹ̀ pọ̀." Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ki imú bọ aṣọ náà, kò sì tètè yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Ó ní, "Àrẹ̀dú o, Yèyé."

Yèyé dáhùn. Ó gbọn aró ọwọ́ rẹ̀ nù, ó padà sídìí ìkòkò. Ọkùnrin náà dìde, ó nu orúnkún rẹ̀, ó sì rí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú àpò Ìbàdàn mi. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà sínú ilé. Nígbà tó jáde, ó fi igbá omi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Rìsí, má jẹ́ kí eérú yẹn gbẹ."